Àgbá Tí Káfíńtà Ń Ṣọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọkọ ọmọ mi ṣẹ̀sín jù. Ẹ rẹ́rìn-ín níwọ̀nba. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n bá òun sọ ọ́ fún yín, pé bí òun bá ní kóun sọ ọ́, ìtìjú á mú kóun fo ibi tó dùn jù níbẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, èmi ò ní í fo ibì kankan.

Káfíńtà ni. Òun ló ń tún àgbá igi ṣe fún ọmọ mi, nítorí ọmọ mi ń pọn bíà. Kì í ṣe bíà wẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pọn lọ́sẹ̀ yìí tí wọ́n á mu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Bíà kíkan ni, irú èyí tí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ń pọn, tí wọ́n á rọ sínú àgbá igi, tí wọ́n á fi í sílẹ̀ lọ́dún méjì, lọ́dún mẹ́ta, títí tí yóò fi gbó bí àgbàlagbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tọ́ ọ wò, mo bi ọmọ mi pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́ tó fẹ́ fi èyí gbẹ̀san lára rẹ̀. Ìgbà kejì, mo ní kó bù sí i.

Nínú iyàrá àgbá wọn, ọ̀kan wà tó jẹ́ ọmọlójú fún un. Ẹgbẹ́ àwọn apọntí ìlú wọn ní òǹtẹ̀ kan. Ẹni tí kò bá gba òǹtẹ̀ yẹn kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ìgò. Àfi kó máa pọn ọtí fún ẹlòmíràn, kí onítọ̀hún máa fi gbayì. Bí ọmọ mi ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó lè gba òǹtẹ̀ yìí, ó gbọ́dọ̀ gbé àgbá kan ṣoṣo síwájú àwọn atọ́wò ẹgbẹ́: ọtí ọdún mẹ́ta, tí a kò bu omi là, tí a kò bu òmíràn mọ́.

Ọtí yẹn ò fẹ́ ìyọlẹ́nu. Awọ funfun kan máa ń dì lórí rẹ̀ nínú àgbá, bí èyí tó ń dì lórí wàrà gbígbóná. Awọ yẹn ló ń lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé, fínígà ló kù. Nítorí ìyẹn ni wọn kì í ṣí àgbá náà lókè. Káfíńtà lu ihò bíńtín sójú àgbá nísàlẹ̀, ó fi ìṣó dí i. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò á fa ìṣó yọ, ọtí á tú tín-ín-rín sínú ife, onítọ̀hún á sì tètè dá ìṣó padà.

Nígbà tó ku ọdún kan, ọmọ mi ní ó tó gẹ́ẹ́.

“Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìṣó yìí mọ́ títí di ọjọ́ ìtọ́wò,” ó ní. “Èmi gan-an ò ní í kàn án. Bàbá Ìbejì, ṣọ́ọ̀bù yín ló kángun sí iyàrá yìí. Ẹ̀yin lẹ ó máa bá mi ṣọ́ ọ.”

“Ta ló tó bẹ́ẹ̀ tó máa fọwọ́ kàn án níṣojú mi?” ni Káfíńtà wí.

Ìbéèrè gidi ni. Kò pẹ́ tó fi rí ìdáhùn rẹ̀.

Ọ̀sán kan ni, oòrùn mú gan-an. Káfíńtà ń fá pákó lọ́wọ́ nígbà tó rántí pé kóun lọ wo àgbá. Ó débẹ̀, ó rí ẹ̀kán ọtí kan tó rọ̀ sẹ́nu ìṣó, tó ń dán yinrinyinrin, tí kò fẹ́ bọ́, tí kò fẹ́ padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ibi tó ń jò. Ó fi ìka nù ún. Ìka tí a bá fi nu ọtí, ibo la ó ti nu òun náà sí? Ó fi í sẹ́nu.

Ó sọ fún mi pé kíkan ló kọ́kọ́ wọlé, bí ẹni tó wá bá a jà. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú. Lẹ́yìn ìyẹn, kíkan náà fìdí mọ́lẹ̀, òórùn igi àtijọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òórùn èso ápù tó ti pọ́n kọjá. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni òórùn kan wá dé bíi ti awọ gàárì ẹṣin.

“Màmá,” ó ní, “mi ò gun ẹṣin rí láyé mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó wù mí kí n lá gàárì.”

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ wò ó bóyá ó ṣì ń jò. Kò jò. Èyí tí kò jò yẹn gan-an ló dùn ún.

Ó jókòó síwájú àgbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ ṣe lọ́yà. Ó ní ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ ilé, ṣé kò ní í ṣílẹ̀kùn wò bóyá ẹrù ṣì wà níbẹ̀? Bí ọtí yìí bá ti bàjẹ́ ńkọ́, tí ìyàwó òun gbé e lọ síwájú àwọn èèyàn, tójú tì í? Ṣé irú ọkọ tóun fẹ́ jẹ́ nìyẹn? Nítorí ìfẹ́ ìyàwó, ó fa ìṣó.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìfẹ́ ìyàwó yẹn wá ń gùn ún lójoojúmọ́, nígbà tí oòrùn bá ti kan àtàrí.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ fura. Àdúgbò kan náà ni wọ́n wà, ó sì gbé tábìlì ìlọṣọ wá kí Káfíńtà bá a tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe.

“Kí ló ń ṣe ẹnu ẹ tó ń dán báyìí?” Télọ̀ bi í.

“Òógùn ni.”

“Òógùn ẹnu?” Télọ̀ sún mọ́ ọn, ó fa imú. “Òógùn tó ń ta sánsán báyìí, èmi náà fẹ́ làágùn.”

“Ìtọ́wò ni,” Káfíńtà ní. “Iṣẹ́ ni. Kì í ṣe mímu.”

“Ṣé mo ní mímu ni? Jẹ́ kí n bá ẹ ṣiṣẹ́.”

Láti ọjọ́ yẹn, Télọ̀ kì í pa ọ̀sán jẹ. Á fi téèpù kọ́rùn, á ní òun wá wọn fèrèsé iyàrá àgbá kóun lè rán kọ́tìnì sí i. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sì ju fèrèsé ilé ẹyẹlé lọ. Télọ̀ wọ̀n ọ́n títí, fèrèsé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó.

Àwọn méjèèjì á jókòó lórí àpótí, wọ́n á gbé ife sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n á dijú bí àgbà atọ́wò.

“Mo gbóòórùn koríko gbígbẹ níbẹ̀,” Télọ̀ á ní.

“Koríko kọ́. Páálí ni.”

“Ìwọ lo mọ òórùn páálí. Koríko ni.”

“O ò ní imú, ètè lo fi ń gbóòórùn.”

Wọ́n á ní kí wọ́n kúkú tún un tọ́ wò kí ọ̀rọ̀ lè yanjú. N ò gbọ́ pé ìjà wọn parí rí láìsí ife mìíràn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ahọ́n ò ṣeé fi pa mọ́. Ìgbà yẹn ni mo wá kí wọn, tí mo bá wọn gbé fúngbà díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ mi po tíì fún ọkọ rẹ̀. Ó mu ún lẹ́nu kan, ó gbé e dúró lẹ́nu, ó wo òkè àjà.

“Tíì yìí dára,” ó ní, “ṣùgbọ́n kò nírù.”

“Kò nírù kẹ̀?” ọmọ mi ní. “Tíì ni, Bàbá Ìbejì, kì í ṣe ajá.”

Ó ní ìrù ni àwọn atọ́wò ń pe adùn tó bá gbẹ̀yìn lọ́fun. Ọmọ mi ní òun mọ̀, òun lòun kọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ òun ti ń fẹ́ràn iṣẹ́ òun. Inú rẹ̀ ń dùn, kò mọ ohun tó ń lọ.

Èmi wá rí i pé kò lè jẹ búrẹ́dì. Àfi kó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi. Kíkan ọtí yẹn ti mú gbogbo eyín kan án lẹ́nu.

“Ṣé kì í ṣe pé eyín ń dùn ẹ́?” mo bi í.

“Rárá, Màmá. Ọjọ́ orí ni.”

“Ọjọ́ orí? Èmi tí mo bí ìyàwó ẹ ṣì ń fọ́ egungun.”

Ó dorí kodò, ó ń wo búrẹ́dì rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá ka ìwé níwájú kíláàsì.

Ọjọ́ kan ni Káfíńtà fi ìkúùkù kan ara àgbá náà. Oníṣẹ́ pákó ni, etí rẹ̀ mọ ohun tí igi ń sọ. Àgbá tó kún máa ń dún gbì. Èyí dún gbọ̀ọ̀, bí iyàrá tí wọ́n ti kẹ́rù inú rẹ̀ lọ. Ó tún un kàn nísàlẹ̀ díẹ̀. Gbọ̀ọ̀. Ó tún rẹlẹ̀ sí i.

“Télọ̀,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà, “a ti mu ọtí yìí kọjá èjìká.”

“Àwa?” Télọ̀ ti ń ká téèpù rẹ̀. “Èmi, fèrèsé ni mo wá wọ̀n.”

 Bí àyè tó ṣófo lókè bá pọ̀ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á kún un, ọtí á sì di fínígà kí ọjọ́ ìtọ́wò tó pé. Ẹlòmíràn ì bá sáré lọ bá ìyàwó rẹ̀. Káfíńtà sáré lọ bá àgbá kejì.

Àgbá ojú fèrèsé ni, bíà ọdún kan ló wà nínú rẹ̀. Ó bù níbẹ̀, ó ṣí àgbá ọdún mẹ́ta lókè, ó ń fi rọ́bà rọ ọ́ sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí awọ funfun yẹn má bàa ya. Ó ya létí. Ó kí i pẹ̀lẹ́, ó dé e.

Ó wá yẹ kó mọ̀ bóyá àgbà àti ọmọdé yẹn gbà fún ara wọn. Ó fa ìṣó, ó tọ́ ọ wò. Wọ́n gbà. Ó tún tọ́ ọ wò kó lè dá a lójú. Nígbà tó fi máa dá a lójú dáadáa, àyè ti tún ṣí lókè.

Ó lọ sídìí àgbá kẹta, èyí tí ọmọ mi kó èso àjàrà sí. Ó bù níbẹ̀. Nígbà tó tún ṣófo, ẹ̀rù bà á láti tún bu àwọn yòókù, kí wọ́n má bàa máa dún gbọ̀ọ̀ lọ́wọ́ kan náà. Ó wá gbé kẹ́tùlù kaná. Ó se omi, ó jẹ́ kó tutù, ó dà á sí i. Mo bi í lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé kí ló dé tó fi sè é. Ó ní nítorí ìmọ́tótó ni. Mo ní Olúwa á bù kún un.

Nígbà tó ku ọ̀la, ọmọ mi wọ iyàrá àgbá. Ó gbé ọwọ́ lé àgbá náà lórí bí ẹni ń súre fún ọmọ. Káfíńtà dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Ìyá Ìbejì,” ó ní, “ọ̀rọ̀ kan wà.”

“Ẹ jẹ́ kí tèmi ṣáájú. Bí wọ́n bá fún mi ní òǹtẹ̀ yìí, orúkọ àwa méjèèjì ni mo fẹ́ tẹ̀ sórí ìgò. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin tí ẹ ṣọ́ ọ, ibo ni mo ti fẹ́ débí?”

Ó yíjú sí i. “Kí lẹ fẹ́ sọ?”

“Mo ní… kí o má gbàgbé láti fi bàtà tó rọ̀ wọlé. Ìdúró á pọ̀ lọ́la.”

Ahọ́n tó mọ òórùn gàárì ẹṣin, tó mọ ìrù tíì, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe “mo jẹ̀bi.”

Àárọ̀ ọjọ́ ìtọ́wò, akọ̀wé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá fa ọtí náà lẹ́nu ìṣó, tó fi èdìdì dí ìgò, tó sì gbé e lọ. Gbogbo wa tẹ̀ lé e. Télọ̀ náà wọṣọ, ó ní òun ò lè jẹ́ kí aládùúgbò òun nìkan lọ.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ni. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé kí ẹnikẹ́ni má fín lọ́fínńdà, wọn ò sì fi òdòdó kankan síbẹ̀, kí òórùn mìíràn má bàa da àwọn atọ́wò láàmú. Aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì, búrẹ́dì lásán àti omi ló wà níbẹ̀, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan. Àwọn atọ́wò jẹ́ mẹ́ta: ọkùnrin méjì àti obìnrin kan tó sanra, tójú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Alága wọn pá lórí, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ tó ẹni tí à ń bá ṣèpàdé.

Wọ́n gbé ife síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi imú sí i, wọ́n yọ imú, wọ́n tún fi sí i. Wọ́n fi ẹnu kan, wọ́n yí i kiri ẹnu, wọ́n tú u sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

“Wọ́n ń tú u dànù,” mo sọ sí Káfíńtà létí.

 Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ti ọjọ́ yìí, òógùn gidi ni.

Alága sinmi ife rẹ̀ sórí tábìlì. 

“Ìyá Ìbejì, ta ló kọ́ ọ ní pípò ọtí?”

“Kí ni mo pò, sà?”

“Èyí. Àgbà àti ọmọdé ló jókòó pọ̀ nínú rẹ̀ tí wọn ò bára wọn jà. Ó ti pẹ́ tí mo ti tọ́ irú rẹ̀ wò.”

Ọmọ mi na ọrùn sókè. “Alága, kò sí pípò níbẹ̀. Àgbá kan ṣoṣo ni mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án. Ọkọ mi ló bá mi ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ wò ó.”

Gbogbo gbọ̀ngàn wò ó. Káfíńtà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan.

Alága kò bá a jiyàn. Ó bu ife kan, ó tì í síwájú rẹ̀. “Tọ́ ọ wò.”

Láti ọdún kan, ọmọ mi ò tíì fẹnu kan ọtí yẹn. Ó gbé e, ó tọ́ ọ wò, ó pa ojú dé. Mo rí i bí iwájú orí rẹ̀ ṣe ń sún pọ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Àgbá ojú fèrèsé,” ó ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ti ọdún kan. Koríko tútù yẹn, òun ló gbé e wá.”

Ó tún tọ́ ọ wò.

“Àjàrà. Èyí tí mo fi pa mọ́ de ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì.”

Ó tún gbé e sẹ́nu. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́. Ó gbé e lọ sọ́tùn-ún, ó gbé e lọ sósì. Ó gbé e mì. Nígbà tó lajú, kì í ṣe Alága ló wò.

“Bàbá Ìbejì,” ó ní. “Omi?”

“Mo sè é,” ni Káfíńtà wí.

 Obìnrin atọ́wò yẹn mú aṣọ ìnuwọ́, ó fi bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

“Ẹ sè é.”

“Mo sè é dáadáa. Mo sì jẹ́ kó tutù.”

Wọ́n ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún. Ti Káfíńtà kò tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ó dìde, ó sì jẹ́wọ́ níbẹ̀, látorí ẹ̀kán tó jò dórí kẹ́tùlù. Ó ní ọtí náà jò, òun nù ún, láti ìgbà yẹn lòun ti ń nù ún.

“Ẹ̀yin nìkan?” ọmọ mi bi í.

Ó wẹ̀yìn, ó ń wá Télọ̀. Télọ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó kọjú sí fèrèsé gbọ̀ngàn, ó ń fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Alága fọwọ́ pa imú rẹ̀ ńlá yẹn. “Ó dùn mí,” ó ní. “Ṣùgbọ́n àgbá kan ṣoṣo lo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èyí ti di àgbá mẹ́ta àti kẹ́tùlù kan. A ò lè tẹ òǹtẹ̀ fún un.” Ó tún tọ́ ọ wò díẹ̀, kò tú èyí dànù. “A ní òǹtẹ̀ fún àwọn tó mọ ọtí pò o. Bí o bá lè mọ̀ọ́mọ̀ po irú èyí, láìsí kẹ́tùlù, gbé e padà wá. Mélòó ló bù sí mélòó?”

Gbogbo ojú padà sára Káfíńtà.

“Sà,” ó ní, “bí mo bá ṣe mu ún náà ni mo ṣe ń bù ú.”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, ẹ má jẹ́ n purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò rín. Ó pa àwọn ife rẹ̀ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kí Alága, ó bọ́ síta.

Kò pariwo nílé. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Káfíńtà kúnlẹ̀, ó ní òun máa ra àjàrà mìíràn, òun máa kan àgbá tuntun.

“Ṣé ọtí ló dùn mí lójú yín?” ọmọ mi ní. “Ọtí, mo lè pọn òmíràn. Mo ní kí wọ́n wò yín. Mo nàka sí yín níwájú gbogbo èèyàn, mo ní ẹ wò ó, ọkọ mi nìyẹn. Ẹ sì jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.”

 Káfíńtà ká ẹní, ó lọ ń sùn láàárín pákó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ.

Ó wá bá mi kí n bá òun bẹ̀ ẹ́.

“Kí ni kí n sọ fún un?” mo bi í. “Kí n ní ọkọ ẹ kì í mutí, ìṣó ló máa ń fà?”

“Màmá, ẹ má fi mí ṣeré.”

“Mi ò fi ẹ́ ṣeré. O fi ara ẹ ṣe é, mo kàn ń wòran.”

Ṣùgbọ́n ó ṣe mí láàánú. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbẹ̀ nìyí. Ọkùnrin yìí kò sọ fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ kankan pé òun ń jalè. Ó ń tọ́jú. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń ṣọ́ ọ. Orúkọ tó dára ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Kí kálukú wa padà sílé lọ wo ohun tí òun náà ń tọ́ wò. Mi ò ní kí ẹ sọ ọ́ fún mi.

Ọtí yẹn fúnra rẹ̀ kò dúró dè wá. Awọ rẹ̀ ti ya, afẹ́fẹ́ ti wọlé, ìyókù tó wà nínú àgbá di fínígà pátápátá. Gíláàsì fèrèsé la fi ń nù. Bí ọmọ mi ṣe wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í po irú rẹ̀ fún òǹtẹ̀ kejì yẹn, kò rí nǹkan kan tó lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnu mẹ́ta péré ni òun fi kan án. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nílé ayé tó mọ ọtí yẹn dénú egungun, onítọ̀hún sì ń sùn láàárín pákó.

Ó gbìyànjú láìbi í. Ó pò ó, ó dà á nù, ó tún un pò. Mo ń wò ó, mo pa ẹnu mọ́. Ó níra fún mi, ẹ mọ̀ mí.

Nígbà tó yá, ó ní kí n pè é.

Télọ̀ ti gbọ́ kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ti yọrí sójú fèrèsé, ó ń fún un nímọ̀ràn.

“Bó bá ti fún ẹ, ní ‘òun gan-an nìyí.’ Ta ló máa já irọ́ ẹ? Wàá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì lónìí.”

 Káfíńtà gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára, ó tẹ̀ lé mi.

Ó dúró síwájú tábìlì. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Ọmọ mi ti ife kan sí i láìwo ojú rẹ̀.

“Ẹ tọ́ ọ wò. Ṣé òun nìyí?”

Ó tọ́ ọ wò. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó dùn, pé ó tilẹ̀ dùn ju èyí tóun jí lọ. Ó ní gbogbo ẹ̀yìn òun tó ń ro òun látàrí ilẹ̀ líle ń bẹ òun pé kóun ṣáà ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Kò tíì jọ ọ́,” ó ní.



“Kí ló kù?”

“Ti ìyẹn, kíkan rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó fìdí mọ́lẹ̀. Èyí tètè gbà. Àgbá ojú fèrèsé ló kéré nínú rẹ̀.”

Ọmọ mi gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà tọ́ ọ wò. Ó mi orí díẹ̀. Ó mú ife òfìfo kan, ó nà án sí i.

“Ẹ lọ bù ú wá.”

“Èmi?”

“Ṣé Télọ̀ ni kí n rán ni?”

Ó lọ. Ó pẹ́ kó tó dé. Iyàrá àgbá kò jìnnà, ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan ni. Ọmọ mi wò mí, èmi ń wo òkè àjà.  A gbọ́ ilẹ̀kùn tó ṣí. A kò gbọ́ kó pa dé. Ọmọ mi fi ìka kan tábìlì, ó dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife, ó ń rìn bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Ó gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀.

Ó kún dé etí. Ẹ̀kán kan ò sọnù níbẹ̀.

“Kí lẹ ń ṣe tó fi pẹ́ báyìí?” ọmọ mi bi í.

“Mi ò fẹ́ kó dànù.”

Ọmọ mi wo ife náà. Ó wá fi ẹsẹ̀ fa àga kan jáde lábẹ́ tábìlì.

“Ẹ jókòó,” ó ní.